Àlùbáríkà: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń lò, tí a sì rò pé a mọ̀ ọ́n délé délé. Ọ̀rọ̀ náà ni àlùbáríkà.

Ọjà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí wa kan, àbúrò ìyá wa, wá kí wa ní Zaria láti Ìbàdàn, a sì sìn wọ́n lọ ra àlùbọ́sà. Wọ́n ná an, wọ́n dá iye tí wọ́n fẹ́ san. Baba Hausa tó ń tà á rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Albarka." Àǹtí wa dáhùn pé, "Àmín o, Baba!" Ni wọ́n bá ka owó sílẹ̀, wọ́n nawọ́ gán àpò àlùbọ́sà. Baba fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Àǹtí ní ó ti gbà, ó tilẹ̀ ṣàdúrà sí i. Baba ní òun kò gbà. Ariwo ta. Àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì ni a parí rẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nílé, Àǹtí wa ní, "Àwọn Hausa yìí ti ba èdè wa jẹ́ mọ́ yín lẹ́nu." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ó sì mú wa wádìí.

Ibo ni ó ti wá?

Èdè Lárúbáwá ni orísun rẹ̀. Baraka ni oore àti ìbísí tí Ọlọ́run fi sínú nǹkan. Al- ni wọ́n ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi hàn pé ohun pàtó ni. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ni wọ́n gbé e gba Òkè Ọya dé ọ̀dọ̀ wa. Hausa pè é ní albarka. Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra wọn, nítorí náà a ki fáwẹ̀lì bọ àárín: à-lù-bá-rí-kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni al-basal Lárúbáwá, tí Hausa ń pè ní albasa, ṣe di àlùbọ́sà lẹ́nu wa. Ẹ ò rí i pé ọjà tí à ń ná gan-an, orúkọ àlejò ni ó ń jẹ́! Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kì í ṣe gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àl" ni ti Lárúbáwá. Ti wa ni àlàyé, inú "là" àti "yé" ni ó ti jáde.

Èdè Hébérù, ẹbí Lárúbáwá, ní berakha, ìbùkún. Ó tún ní berekh, orúnkún. Bí ràkúnmí bá sì kúnlẹ̀, baraka náà ni Lárúbáwá ń wí. Àwọn onímọ̀ èdè kò tíì fẹnu kò bóyá gbòǹgbò kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ibo ni ó dé?

Ní èdè Swahili, baraka ni ìbùkún. Ibẹ̀ ni orúkọ Barack Obama ti wá, ẹni tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 2009 sí 2017, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Kẹ́ńyà. Mandinka ní Gáḿbíà ń wí pé abaraka, èyí ni "a dúpẹ́." Fún ará Tọ́kì, bereket ni ọ̀pọ̀ irè. Bí Faransé bá ní ẹnì kan ní la baraka, olóríire ni, ẹni tí ewu ń yẹ̀ lórí. Ní Indonéṣíà, berkat tún lè jẹ́ oúnjẹ tí àlejò dì lọ sílé láti ibi àsè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di mọ́ínmọ́ín kúrò lóde, ẹ ti rí ẹ̀rí!

Kí wá ni Baba wí?

Hausa ń lo albarka fún ìbùkún bíi tiwa, wọ́n sì ń fi barka kí ara wọn: barka da zuwa, ẹ káàbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá wí albarka sí owó tí o dá, ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé kò gbà ni. Bó bá gbà, na sallama ni yóò wí. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Bí alágbe bá nawọ́ sí wa tí a kò fẹ́ fún un, ṣebí "Ọlọ́run á ṣe é" ni à ń wí? Àwa náà ń fi àdúrà kọ̀.

Nígbà tí a là á yé Àǹtí wa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ní ọjọ́ kejì wọ́n padà lọ bá Baba, wọ́n fi owó díẹ̀ lé e, ó sì ní na sallama.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ bíi tiwa, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tó gbọ́ èdè aládùúgbò rẹ̀ kò sọ tirẹ̀ nù. Ìgbà tí a gbọ́ ti Hausa ni a tó mọ ọ̀nà tí àlùbáríkà tiwa gbà dé ilé. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Hausa ní ohun tí ó mọ̀ nípa wàhálà, àlááfíà àti sánmà. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé wa.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ẹ̀kọ́ wa. Èyí o, ẹ lè ṣe àmín sí i láìsí ìjà.