Bátìrì Kọ̀ǹpútà Lẹ́yìn Ìgbéga sí Windows 11

Ìbéèrè: Kí ló ń mú kí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká máa tètè tán ní Adó-Èkìtì lẹ́yìn ìgbéga láti Windows 10, tí Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, sí Windows 11?

Ìdáhùn: Windows, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ, a máa to àwọn fáìlì lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìgbéga, iṣẹ́ yìí a sì máa jẹ iná fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré ra bátìrì tuntun. Bí bátìrì bá ṣì ń tètè tán lẹ́yìn ìgbà náà, àṣẹ powercfg /batteryreport, tí a ń tẹ̀ sínú Command Prompt, yóò fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun hàn pẹ̀lú èyí tó kù báyìí. Bí àlàfo wọn bá pọ̀, bátìrì ló ti gbó, nítorí pé ooru àti wíwà lórí iná ṣáá (àṣà tí àìdúróṣinṣin iná mànàmáná kọ́ ará ìlú) a máa mú kí bátìrì lítíọ́ọ̀mù yára gbó.