Niútírà àti Ilẹ̀: Fọ́ọ̀tì Kékeré Tó Yẹ Ká Máa Ṣọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló pa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè àti wáyà iná pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fà á.

Nígbà tí mò ń gba ohùn àwọn ènìyàn mẹ́wàá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, ìró kan ń kùn bí oyin lábẹ́ gbogbo gbólóhùn. Mo pa fáànù, mo ti fèrèsé, ó ṣì ń kùn. Bí mo bá fọwọ́ kan ara irin kọ̀ǹpútà mi, ó ń ta mí. Ìgbà tí mo yọ ṣájà rẹ̀ ni ariwo náà tó dá.

Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, ariwo rẹ̀ a máa jáde ní 50, 100 àti 150 Hz. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin lè wà ní nǹkan bí 100 Hz, pàápàá ní ìparí gbólóhùn tí ohùn ti rẹlẹ̀. Praat lè gba ariwo iná, kó kà á sí ohùn ènìyàn. Ẹ rò ó wò: ẹ kọ orí kan odidi lórí ohùn ìsàlẹ̀, àṣé wáyà lẹ ń ṣàlàyé.

Wáyà mẹ́ta

Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta, láìfù ló ń gbé iná wọlé, niútírà ló ń dá a padà sí tiránsífọ́mà. Ìkẹta, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, so mọ́ ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà lè rí ọ̀nà gbà láìgba ara ènìyàn.

Nídìí tiránsífọ́mà, wọ́n so niútírà mọ́ ilẹ̀. Kí ló wá dé tí fọ́ọ̀tì fi ń wà láàrin wọn? Kò sí wáyà tí kì í dènà iná díẹ̀. Bí áńpìà 20 bá ń gba inú niútírà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 0.1, fọ́ọ̀tì 2 nìyẹn. Bí a ṣe ń fi sílébù kan wé èkejì ká tó mọ èyí tó ga, bẹ́ẹ̀ náà la ń wọn fọ́ọ̀tì láàrin ojú méjì.

Bí a ṣe ń ka mítà

Oníṣẹ́ iná tó bá wa wò ó wọn láìfù sí niútírà, láìfù sí ilẹ̀, àti niútírà sí ilẹ̀. Ohun tí ìkẹta yìí lè sọ nìyí:

- Fọ́ọ̀tì 1 sí 3 nígbà tí nǹkan ń ṣiṣẹ́: kò burú.
- Òdo gangan nígbà tí ohun tó ń lo iná pọ̀: ẹ fura. Ẹnì kan lè ti so niútírà àti ẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí niútírà bá já lọ́jọ́ kan, ara irin gbogbo ohun èlò á gbé iná.
- Nǹkan bí 220, tí láìfù sí ilẹ̀ sì kéré: wọ́n ti gbé láìfù sípò niútírà.
- Nǹkan bí 100, tí láìfù sí ilẹ̀ náà sì sún mọ́ ọn: ẹ́ẹ̀tì ti já. Èròjà tó ń sẹ́ ariwo iná nínú ṣájà ló gbé wáyà náà sókè.

Tiwa ka 97. Wọ́n ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà ẹ́ẹ̀tì kò kan ibì kankan. Ó tún un so, mítà ka 1.8, ariwo dá.

Ìdí tó fi yẹ ká máa ṣọ́ ọ

Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan kò tó. Fọ́ọ̀tì yìí máa ń lọ sókè bí a bá ṣe ń tan nǹkan sí i. Ìyẹn kò ṣe nǹkan. Àmọ́ bí ohun kan náà tó mú 2 wá lóṣù tó kọjá bá mú 6 wá lónìí, ó ṣeé ṣe kí ojú ìsopọ̀ kan máa tú lórí niútírà. Bí ó bá já pátápátá ní àdúgbò, àwọn ilé tó wà lórí láìfù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á máa pín fọ́ọ̀tì 415 láàrin ara wọn bó ṣe wù ú: iná ilé kan á rẹ̀ dòò, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ilé kejì á jó. Ọ̀pọ̀ wa ló ti rí i rí.

Ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wa, ìwé kan ti wà lára ògiri báyìí: ọjọ́, àkókò, ohun tó ń ṣiṣẹ́, iye fọ́ọ̀tì. Oníṣẹ́ iná ló ń wọ̀n ọ́n, àwa la ń kọ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì o.

Mẹ́sàn-án nínú àwọn mẹ́wàá tí mo gba ohùn wọn ló padà wá. Bàbá kẹwàá ti lọ sí ìlú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn tirẹ̀ ló dára jù. Ẹ wọn iná yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá jókòó.