Kí Dísìkì Kú, Kí Iṣẹ́ Má Kú: Ẹ̀kọ́ Kékeré Lórí RAID

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí RAID. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Shasha níbí ni mo ti kọ́ ọ. Server tòkunbọ̀ tí àwọn oníbàárà wọn rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ni wọ́n sábà máa ń gbé wá.

Ká ní máàkì gbogbo ọmọ SS3 wà lórí dísìkì kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí dísìkì yẹn bá kú, máàkì bá a lọ nìyẹn. Igi kan ò kúkú lè dá igbó ṣe. Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, gbé ìwé kan jáde. Wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe lè kó dísìkì olówó pọ́ọ́kú pọ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Àwọn ló sọ ọ́ ní RAID.

Ẹ wo oríṣi mẹ́ta yìí, ká ní dísìkì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1TB:

RAID 0: wọ́n pín fáìlì sórí gbogbo dísìkì. Mẹ́rin yóò fún wa ní 4TB, ó sì yára. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá kú, gbogbo ẹ̀ ti lọ.

RAID 1: ohun kan náà ni wọ́n kọ sórí dísìkì méjì. 1TB péré la máa rí lò, àmọ́ bí ọ̀kan bá kú, èkejì ń bẹ.

RAID 5: mẹ́rin yóò fún wa ní 3TB. Ó dà bí ìṣirò: dísìkì kan ní 7, èkejì ní 5, ẹ̀kẹta pa àpapọ̀ wọn, 12, mọ́. Bí 5 bá sọnù, ẹ yọ 7 kúrò nínú 12, 5 ti padà dé. Bí méjì bá kú pa pọ̀ ńkọ́? Ó parí.

Níbo la ti ń ṣe ètò yìí? Kí Windows tó dé ni. Káàdì RAID ní ojú ìwé ètò tirẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Dell àtijọ́, Ctrl+R la fi ń wọ ibẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ń tàn. Lórí àwọn tuntun, F2 ni. Physical Disk ni dísìkì tí ọwọ́ lè dì mú. Virtual Disk ni èyí tí a pa pọ̀, tí Windows ń rí bí ẹyọ kan.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, nítorí náà ẹ mọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Degraded: dísìkì kan ti kú, iṣẹ́ ṣì ń lọ, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Rebuild: dísìkì tuntun ń gba ẹrù rẹ̀, ẹ má yọ òmíràn o! Foreign: dísìkì yìí gbé ètò wá láti orí káàdì mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, Import ni kẹ́ ẹ yàn. Clear máa pa ètò náà rẹ́. Initialize náà ń pa nǹkan rẹ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ Yes.

Èyí kàn wá gan-an nítorí iná NEPA. Bí ẹ bá yan Write Back, káàdì á ní òun ti kọ fáìlì, nígbà tó ṣì wà lórí mẹ́mórì òun. Bí bátìrì káàdì bá ti kú, tí wọ́n mú iná, ó di àwátì. Write Through ò yára tó o, ṣùgbọ́n ó ń dúró kí dísìkì gbà á.

Paríparí ẹ̀, RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì tẹ́ ẹ bá parẹ́, orí dísìkì méjèèjì ló ti ń parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olè bá gbé server, gbogbo dísìkì ló gbé. Ẹ fi ẹ̀dà kan síbòmíràn.

Ẹ dán ara yín wò: dísìkì mẹ́ta, 2TB kọ̀ọ̀kan, nínú RAID 5, TB mélòó la máa rí lò? Ẹ mú ìdáhùn wá sí press club lọ́jọ́ Ẹtì.