Ẹ̀kọ́ Kẹfà: Igbó Ọ̀ṣun àti Ooru Ilẹ̀

Níbí ní Brooklin, àwọn kan nínú yín ti bi wá pé: "Kí ni èèwọ̀ igbó wà fún? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán ni?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ẹ jẹ́ ká gba ojú ọ̀run dáhùn ún.

1. Bí igbó ṣe ń mú ilẹ̀ tutù
Igi ń ṣíji bo ilẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀ sì ń fa omi, ewé á tú u sáfẹ́fẹ́ bí oru. Bí òógùn ṣe ń gbẹ lára tí ara á fi tutù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Tí wọ́n bá gé igi, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kò sí òjìji mọ́, omi tó ń di oru á dín kù, ilẹ̀ àti páànù á wá gbóná.

2. Bí satẹ́láìtì ṣe ń rí i
Láti 1972 ni satẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán ilẹ̀. Landsat 8 (2013) àti Landsat 9 (2021) ń wọn ooru tó ń jáde látojú ilẹ̀. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní onígun mẹ́rin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 100 níbùú, mítà 100 lóròó: hẹ́kítà 1 nìyẹn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ hẹ́kítà 75. Ẹ ṣírò ẹ̀: gbogbo igbó Yèyé wa kò ju nǹkan bí onígun 75 lọ! Àwọn tó wà létí á tún dà pọ̀ mọ́ òrùlé ìlú. Ti àárín lẹ lè gbára lé.

3. Ẹ ṣọ́ra
Ooru ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ooru yìí kì í la ìkùukùu kọjá, nítorí náà àwòrán tó mọ́ kì í pọ̀ lásìkò òjò. Ẹ fi oṣù kan wé oṣù kan náà ní ọdún mìíràn. Ní Kánádà níbí, tí yìnyín bá bo pápá, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà; pápá lè tutù ju igbó lọ nígbà òtútù. Ní Òṣogbo, kò sí yìnyín.

4. Ohun tó kàn wá
Igbó yìí kò ṣèèṣì kù. Èèwọ̀ ló dì í mú: a kì í gégi, a kì í ṣọdẹ, a kì í pẹja níbẹ̀. Nígbà tí ewu dé, Àdùnní Olóriṣà (Susanne Wenger, tó papò dà ní 2009) pẹ̀lú àwọn aláwo àti oníṣẹ́ ọnà dìde jà fún un. Ìjọba dáàbò bo apá kan ní 1965, gbogbo ẹ̀ ní 1992. UNESCO gbà á wọlé ní 2005. Satẹ́láìtì lè fi igbó hàn wá; kò lè gba àdá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn, iṣẹ́ ọmọ èèyàn ni.

Ìbéèrè
(a) Kí ló dé tí onígun etí igbó kò ṣeé gbára lé?
(b) Èèwọ̀ wo lẹ lè pa mọ́ fún igi àdúgbò yín?

Ọ̀ṣun á gbè wá o. Àṣẹ.