Ọgbà Ni A Ti Ń Pọn Wáìnì: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tí Ń Gbin Àjàrà Barbera ní Monferrato

Ẹnikẹ́ni nínú àwa àgbẹ̀ tí ó bá gba ọgbà àjàrà ṣe ní òkè Monferrato, ní ẹkùn Piemonte ti ilẹ̀ Ítálì, tàbí tí ó ń bá àwọn ará ibẹ̀ rẹ́ ẹ̀ka nígbà òtútù tí ó sì ń bá wọn kórè nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń lọ sópin, òun ni a kọ ìwé yìí fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń béèrè nísinsin yìí fún wáìnì pupa tí a kò bu ohunkóhun mọ́, èyí tí a kò fi ìwúkàrà ọjà pọn, tí a kò sẹ́, tí a kò sì tún adùn rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbẹ̀ kan sì ti tipa bẹ́ẹ̀ rò pé ọ̀nà ti là fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe wàhálà. Èrò náà kò tọ́ rárá, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ àgbá jẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: iṣẹ́ tí a bá yọ kúrò nínú yàrá ọtí, ìdí igi àjàrà ni a ó ti san án, a ó sì san èlé lé e.

Barbera, adúmáadán ọmọ olókè Monferrato, a-pọ́n-tán-síbẹ̀-ó-kan! Àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé ó ń pa ètè ẹni tí ó mu ún láró, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ẹnu gbẹ, èyí tí ó pọ̀ nínú àjàrà Nebbiolo aládùúgbò rẹ̀, kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Kíkan ni tirẹ̀, kíkan tí kì í fi í sílẹ̀ bí oòrùn tilẹ̀ mú un pọ́n tán. Kíkan yìí ni asà rẹ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń ba ọtí jẹ́ kì í gbádùn inú rẹ̀, ìwọ̀nba imí-ọjọ́ díẹ̀ tí a bá sì fi sí i yóò ṣiṣẹ́ ju bí yóò ti ṣe nínú ọtí tí kò kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi wáìnì sílẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ti dá a, n kò mọ èso tí ó bá iṣẹ́ náà mu jù ú lọ ní ẹkùn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń fi orúkọ Barbera sára ìgò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ojú orúkọ náà ti rí. Ní ọdún 1986, àwọn oníṣòwò kan tí ojúkòkòrò ti dí létí bu methanol, ọtí olóró, mọ́ wáìnì olówó pọ́ọ́kú kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ènìyàn tí ó lé ní 20 ni ó kú ní Ítálì, ojú àwọn mìíràn sì fọ́. Nítorí pé orúkọ Barbera wà lára àwọn ìgò náà, ìtìjú bo àgbẹ̀ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Giacomo Bologna ti Rocchetta Tanaro ti fi wáìnì rẹ̀ Bricco dell'Uccellone ti ọdún 1982 hàn pé èso yìí yẹ fún ọ̀wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbá igi tuntun tí ó lò kì í ṣe ọ̀nà tí mo ń tọ́ka sí níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbẹ̀ sì fi ṣiṣẹ́ kí wáìnì Barbera d'Asti tó gba DOCG, oyè tí ó ga jù lọ fún wáìnì ní Ítálì, ní 2008, tí Nizza, wáìnì Barbera mìíràn, sì gba tirẹ̀ ní 2014. Ẹni tí ó ra wáìnì tí a kò bu nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀ ni ó rà.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọgbà wàyí. Igi Barbera lawọ́ púpọ̀, bí a kò bá sì dá a dúró, yóò so títí èso rẹ̀ yóò fi ṣàn bí omi lásán. Òfin Barbera d'Asti kò gbà ju tọ́ọ̀nù 9 lọ lórí hẹ́kítà kan, ti Nizza kò gbà ju 7 lọ. Ẹ já ìdì èso tí ó bá pọ̀jù kí àwọ̀ tó wọ̀ ọ́ tán, kí ẹ sì ká ewé tí ó bò wọ́n kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá, nítorí èso kan tí ó rà láàárín ìdì kan yóò fi ìwúkàrà búburú ran gbogbo àgbá. Ní ti àrùn ewé tí wọ́n ń pè ní peronospora, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń ṣọ́ mẹ́wàá mẹ́ta: bí ọ̀mùnú bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí òjò rọ̀ tó mìlímítà 10, tí ooru kò sì lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n Celsius 10, ewu ti dé nìyẹn. Bàbà ni a ń fọ́n sí i, ṣùgbọ́n bàbà kì í kúrò nínú ilẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù fi dá a dúró sí kìlógíráàmù 28 lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún 7. Imí-ọjọ́ ni oògùn oidio, àrùn àjàrà mìíràn. Ẹ dá fífọ́n imí-ọjọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìkórè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáìnì yín yóò máa rùn bí ẹyin tí ó ti dìbàjẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni àrùn flavescenza dorata, nítorí pé Barbera wà lára àwọn tí ó tètè ń kó o. Kòkòrò kékeré kan, Scaphoideus titanus, tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ni ó ń gbé e láti igi dé igi: ewé yóò pọ́n kí àkókò rẹ̀ tó tó, etí rẹ̀ yóò ká sísàlẹ̀, ẹ̀ka kò ní le, èso yóò sì gbẹ mọ́ igi. Kò sí ìwòsàn fún un. Hínhú ni ẹ óò hú igi náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sì fín ọgbà ní àkókò tí ìjọba bá pàṣẹ; àwọn oògùn kan tí a fi òdòdó pyrethrum ṣe wà tí òfin gbà fún ẹni tí kò fẹ́ lo kẹ́míkà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ń ṣe wáìnì àdánidá kò gbọdọ̀ fín ohunkóhun, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Ọgbà tí olówó rẹ̀ ti pa tì ni kòkòrò yìí ti ń pọ̀, nítorí náà ẹ lọ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀ kí igbá tó fọ́.

Nígbà tí èso bá délé, ẹni tí ó bá mọ ẹmu ọ̀pẹ mọ bí yóò ti rí: kò sí ẹni tí ń bu ìwúkàrà sínú akèrègbè, síbẹ̀ ẹmu ń hó. Ìwúkàrà wà lára èso àti lára ohun èlò. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ kórè èso díẹ̀ tí ó mọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa hó. Bí òórùn rẹ̀ bá dára, òun ni ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó kù, bí ó bá sì ń rùn bí ọtí kíkan, ẹ dà á nù láìṣojú àánú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ rọra máa ti èèpo tí ó léfòó wọ inú omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ooru kọjá ìwọ̀n 30, nítorí tí ó bá ti sún mọ́ 35 ìwúkàrà yóò dákú, ṣúgà yóò kù sílẹ̀, ọ̀tá yóò sì rí oúnjẹ jẹ.

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ń jáde lára omi tí ń hó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, ìsàlẹ̀ yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń lọ, ó sì ń pa ènìyàn. Àbẹ́là tí àwọn àgbà máa ń gbé wọlé kò tó, nítorí kí iná rẹ̀ tó kú, ewu ti dé bá ẹni tí ó gbé e. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ tan fáànù, ẹ má ṣe nìkan wọlé. Bí ẹnìkan bá sì ṣubú nínú rẹ̀, ẹ má ṣe sáré wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ẹ ké sí àwọn panápaná.

Lẹ́yìn èyí ẹ óò dúró de malolattica, ìhó kejì tí ń rọ kíkan líle rẹ̀. Bí yàrá bá tutù jù ó lè di ìgbà ìrúwé. Ní gbogbo àkókò náà kí àgbá kún dé ẹnu, nítorí Barbera kò ní èròjà agbẹnu púpọ̀ tí yóò fi bá afẹ́fẹ́ jà. Nígbà tí ẹ bá ń rọ ọ́ sínú ìgò, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi imí-ọjọ́ ti inú ọtí (sulphur dioxide) mílígíráàmù 20 sí 30 sí lítà kan, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀: òfin gba 150 fún wáìnì pupa tí kò ní ṣúgà, ó gba 100 fún ti ẹni tí kò lo kẹ́míkà, ó sì ní kí a kọ ọ́ sára ìgò bí ó bá ti ju 10 lọ. Kí ẹ tó rọ ọ́, ẹ gbé díẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò. Àgbá tí kíkan afẹ́fẹ́ rẹ̀, èyí tí ń sọ wáìnì di ọtí kíkan, bá ju gíráàmù 1.2 lọ nínú lítà kan, òfin kò gbà kí a tà á ní wáìnì; ẹ má ṣe lú u mọ́ èyí tí ó dára, ẹ gbé e jìnnà sí àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí ó di ọtí kíkan pátápátá, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára ìgò rẹ̀.