Orúkọ Ẹ̀yìn Fọ́tò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Gulfton, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ilé gan-an ni wọ́n ń sọ lórúkọ, ẹni tó bá sì rà á lè tún un sọ. Ibi tó wá di Lantern Village, Colonial House ló ń jẹ́ nígbà tí Michael Pollack, tó ni ín nígbà náà, ń polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn ọ̀dọ́ tí owó epo rọ̀bì fà wá sí Houston ni wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún láàárín 1960 sí 1980. Owó epo já wálẹ̀ ní 1986, iṣẹ́ bọ́, wọ́n kó lọ. (Ọdún yẹn náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, dé bá wa nílé ní Nàìjíríà. Epo kan náà ló tú ilé méjèèjì.) Àwọn onílé gé owó ilé, wọ́n gbé pátákó èdè Spanish síta, àwọn tó ń sá fún ogun El Salvador àti Guatemala sì wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àyágbé, ẹ má gbọ́kàn lé pátákó. Ní Ìbàdàn, ilé lè wó kí agbo ilé ṣì máa jẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, torí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Ní Gulfton, ayálégbé ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn. Láńdílọ́ọ̀dù ò ní bá yín ṣe é.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Èmi ti ta tèmi. Mo ní fọ́tò kan: ọmọ mi lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lórí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí. Koríko ti hù bò ó, ṣùgbọ́n etí odò náà ṣì yọ roboto. Obìnrin tó di kẹ̀kẹ́ náà mú, ará El Salvador, ló ń bá mi mú ọmọ nílé ìwé fún ọdún mẹ́rin nígbà tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí n tètè dé. Màmá Pupusa là ń pè é, nítorí oúnjẹ tó ń tà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ẹ̀yìn fọ́tò funfun láúláú.

Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà yàrá, ọdún, àti orúkọ tí ilé ń jẹ́ nígbà náà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, báírò lè là dé ojú fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí olórúkọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ṣebí àwa náà mọ ohun tí ojú orúkọ wa ń rí ní Amẹ́ríkà. Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ nínú ilé yín léèrè ẹni tó gbé yàrá yín ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ rí Houston àtijọ́, ẹ lọ sí ilé ìkàwé Julia Ideson tí wọ́n ṣí ní 1926. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé àti fọ́tò ìlú pamọ́ sí.

Mo gbé fọ́tò náà han ọmọ mi, ó ti dàgbà báyìí. Ó wò ó títí. Ó ní M ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Mo kọ M sẹ́yìn rẹ̀, mo sì fàlà gígùn síwájú ẹ̀.