Sí Àkànbí, Lórí Kíláàsì Potogí Tó Já Sílẹ̀

Àkànbí ọkọ mi, ọmọ àbúrò mi àtàtà,

Ọ̀gá rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yẹn ńkọ́? Kú òjò o, mo gbọ́ pé omi tún ya wọ àdúgbò yín. Ìyá rẹ ní orúnkún ti ń jẹ́ kí òun sùn, mo dúpẹ́. Àwa náà wà níbí. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́, ṣùgbọ́n ojú àti iyè ṣì dá pé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gbogbo ará ilé Pópó Àgùdà ní kí n kí ọ, títí kan Bọ̀ọ̀dá Pédúrò tí o kò yà kí nígbà tí o wá lọ́dún Àjíǹde. Wọn ò tíì gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan dé etí mi, kò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ìyá rẹ ló sọ ọ́, ìwọ kọ́. Ó ní wọ́n ti gbà ọ́ sí yunifásítì ní Salvador, ní Bàhíà nílẹ̀ Bùràsíìlì, inú wa sì dùn. Ó wá ní o ti já kíláàsì Potogí sílẹ̀, o ní Faransé tí o gbọ́ àti Sípáníìṣì tí o fi fíìmù kọ́ ti tó, torí pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Àkànbí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

Èmi tí mo fi Faransé jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì kò ní jiyàn pé wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá. Látìn tí àwọn ọmọ ogun àti oníṣòwò Róòmù ń sọ lẹ́nu ló bí gbogbo wọn, títí dé èdè àwọn ará Ròmáníà lọ́hùn-ún, tí í fi “náà” sẹ́yìn ọ̀rọ̀ bíi tiwa: lup ni ìkookò, lupul ni ìkookò náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pínyà tipẹ́. Lọ́dún 813 ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣèpàdé ní Tours, nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà máa fi èdè ará ìlú wàásù, torí pé Látìn inú ìwé kò yé ìjọ mọ́. Látìgbà náà ni kálukú ti ń bá tirẹ̀ lọ.

O mọ àpótí Ìyá Àgbà. O mọ̀ pé lẹ́tà Bàhíà ló kún inú rẹ̀. Potogí ni Ìyá Àgbà fi ń gbàdúrà, òun náà ni wọ́n fi ń bú wa. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa, ṣùgbọ́n Faransé ni gbogbo ayé ń sáré lé nígbà yẹn torí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, lẹ́tà kan tún dé. Bàbá wa gbé e fún tíṣà Faransé kan. Ó kà á débi tí àwọn ará Bàhíà ti kọ ọ́ pé ọmọ wọn kékeré constipada, ó ní ọmọ náà ò rí ìgbẹ́ yà, torí ohun tí constipé jẹ́ ní Faransé nìyẹn. Ìdáhùn tí a fi ránṣẹ́ kún fún ìmọ̀ràn lórí ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́. Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni fádà kan tó gbọ́ Potogí tún un kà fún wa. Lẹ́tà mìíràn ò sì wá láti Bàhíà mọ́. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara títí di òní.

Tún wo òṣùpá. Luna ni Látìn, luna ni Sípáníìṣì àti Ítálì, lune ni Faransé. Potogí gbé n mì, ó di lua. Dolor, ìyẹn ìrora, ó gbé l mì, ó di dor. Bí àwa náà ṣe sọ egúngún di eégún nìyẹn. Lójú ìwé, o lè fura. Létí, yóò kọjá lára rẹ. Rua ni òpópónà, bíi rue tí o mọ̀, àmọ́ ní Bàhíà wọ́n á pe r yẹn bíi h. Imú tún wà níbẹ̀: pão, mão, irmão. Pan, mano, hermano ni Sípáníìṣì ń pè é, kò kan imú. Ẹnu tó ń pe ìbọn àti ẹyin ò ní kọsẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé Potogí ló bá ẹnu wa mu jù, ẹ̀yin lẹ ò gbà.

Frejon tí o máa ń jẹ àjẹtúnjẹ nílé wa ní Jímọ̀ Rere, ẹ̀wà tí a sẹ́, tí a fi omi àgbọn sè, níbo lo rò pé orúkọ rẹ̀ ti wá? Feijão ni ẹ̀wà ní Bàhíà, frijol ni ní Kúbà. Faransé ní tiẹ̀ ní haricot. Bí olùkọ́ rẹ bá sì ní kí o wá ní terça-feira, mardi rẹ àti martes rẹ ò lè gbà ọ́, torí pé Potogí ò fi orúkọ òrìṣà àwọn ará Róòmù pe ọjọ́ bíi ti àwọn yòókù. Ṣe ló ń kà á, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Kí o tún mọ̀ pé ẹni tó ń sọ Potogí máa ń gbọ́ Sípáníìṣì ju bí ẹni tó ń sọ Sípáníìṣì ṣe ń gbọ́ Potogí lọ. Ibi tó nira ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Padà sí kíláàsì yẹn. Mo ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ láàárọ̀ yìí; má fi ra bàtà. Mo ti ní kí Bọ̀ọ̀dá Pédúrò gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà. Kí o tó wọ bàálù, wàá wá ka lẹ́tà mẹ́rin nínú rẹ̀ sí mi létí, wàá sì túmọ̀ wọn. Bí o kò bá lè kà wọ́n, màá sọ fún ìyá rẹ kó má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ Màríà